Kí Ló Dé Tí Eré Béèsìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà Fi Pọ̀ Tó Báyìí Lọ́dún? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn èèyàn wa ń bi wá léraléra, àti ẹni tó ń gbé ní Houston àti ẹni tó ń fi fóònù wo eré láti Ìbàdàn. A kó wọn jọ síbí, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn jù lọ.

Eré mélòó gan-an ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá nínú sáà kan?

Eré 162 ni. Ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú Major League Baseball, ìyẹn MLB. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń gbá 81 nílé ara rẹ̀ àti 81 nílé onílé. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, eré 2,430 ni líìgì náà ń gbá kí ìdíje ife-ẹ̀yẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ Premier League nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbá 38 lọ́dún, ti NBA, ìyẹn bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, ń gbá 82, ti NFL, ìyẹn fútúbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ń gbá 17. Iye eré tí ẹgbẹ́ NFL fi ń lo oṣù mẹ́rin, ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù lè gbá a tán kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé.

Ṣé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbá a ni?

Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìparí oṣù Kẹta ni sáà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń parí ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. Gbogbo ọjọ́ tó wà láàárín wọn jẹ́ nǹkan bí 187. Ẹ yọ 162 kúrò níbẹ̀, ọjọ́ bíi 25 péré ló kù fún ìsinmi, mẹ́rin nínú rẹ̀ sì ti lọ sí oṣù Keje, nígbà tí gbogbo líìgì máa ń dúró nítorí eré àwọn ìràwọ̀.

Wọn kì í gbá eré kan ṣoṣo ní ìlú kan kí wọ́n tó máa lọ. Ẹgbẹ́ àlejò máa ń dúró bá onílé gbá eré mẹ́ta tàbí mẹ́rin léra wọn kó tó di ẹrù rẹ̀. Ètò yìí ló gba ẹgbẹ́ bíi Seattle Mariners là, nítorí igun àríwá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n wà, ibi gbogbo ló jìnnà sí wọn. Àdéhùn tó wà láàárín àwọn olówó ẹgbẹ́ àti àjọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tún fi òté lé e pé wọn kò gbọ́dọ̀ ṣètò eré fún ẹgbẹ́ kankan kọjá 20 ọjọ́ láìsí ọjọ́ ìsinmi kan.

Báwo ni ara ṣe ń gbà á? Kò sí agbábọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tó lè gbá eré mẹ́fà lọ́sẹ̀ kan.

Ohun tí eré méjèèjì ń gbà lára èèyàn kò jọra. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá lè sá tó kìlómítà 10 nínú eré kan. Nínú béèsìbọ́ọ̀lù, ìdúró àti ìṣọ́ra ló pọ̀ jù, lẹ́yìn náà ni eré àsápajúdé fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Tó bá kan gbígbá, nǹkan bí ìgbà mẹ́rin ni ẹnì kan ń di igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù mú nínú eré kan. Ó ń rẹ̀ wọ́n, àmọ́ irú àárẹ̀ tí oorun òru lè mú kúrò ni.

Ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gbà á lójoojúmọ́ ni ajubọ́ọ̀lù, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú. Ó lè ju bọ́ọ̀lù 90 sí 100 lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa fò ní ìwọ̀n kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Ìgbọ̀nwọ́ àti èjìká ló ń san owó rẹ̀. Nítorí náà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a máa to ajubọ́ọ̀lù márùn-ún tẹ̀ léra wọn, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ eré lónìí kò ní bẹ̀rẹ̀ òmíràn títí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún á fi kọjá. Ẹ pín 162 sọ́nà márùn-ún, ẹ ó rí i pé nǹkan bí eré 32 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí a bá wò ó dáadáa, iṣẹ́ ajubọ́ọ̀lù lọ́dún kò pọ̀ ju ti agbábọ́ọ̀lù Premier League lọ.

Ní ti àwọn yòókù, ẹ wo Cal Ripken Jr. ti Baltimore Orioles: láti 1982 títí di 1998, ó gbá eré 2,632 láìfo ẹyọ kan. Lou Gehrig ti New York Yankees, tí àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, dúró sí 2,130. A ò rò pé ẹnikẹ́ni tún máa dé ibẹ̀ mọ́, torí pé àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá òde òní máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi èèyàn sílẹ̀ kó sinmi, pàápàá ẹni tó ń lóṣòó gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó di igi mú. Orúnkún rẹ̀ kì í ṣe irin.

Ta ló yan 162? Kí ló dé tí kò jẹ́ 150 tàbí 200?

Kò sẹ́ni tó jókòó yan án. Ìṣirò ló bí i, àtìgbà pípẹ́ sì ni ìṣirò náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1876 tí wọ́n dá National League sílẹ̀, ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò pàdé àwọn méje yòókù nígbà mẹ́wàá-mẹ́wàá, èyí tó jẹ́ 70. Kódà 70 yẹn pọ̀ jù lójú àwọn kan: ẹgbẹ́ New York àti ti Philadelphia kọ̀ láti rin ìrìn àjò ìkẹyìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, líìgì sì lé àwọn méjèèjì dànù. Bí ojú irin ṣe ń gbòòrò tí àwọn òǹwòran sì ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye eré ń gòkè.

Nígbà tó di 1904, líìgì méjì ló wà, National àti American, àwọn méjèèjì tó para pọ̀ jẹ́ MLB lónìí, ẹgbẹ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ sì ni wọ́n. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pàdé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méje yòókù nígbà 22, 11 nílé, 11 lọ́hùn-ún. Ìgbà méje 22 jẹ́ 154. Yàtọ̀ sí ọdún díẹ̀ tí ogun àgbáyé kìíní da nǹkan rú, 154 ni wọ́n ń gbá títí di 1960.

Ní 1961, American League gba ẹgbẹ́ tuntun méjì wọlé: Los Angeles Angels, àti ẹgbẹ́ tuntun kan ní Washington. Ẹgbẹ́ di mẹ́wàá, alátakò di mẹ́sàn-án. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n máa pàdé nígbà 22 bíi ti tẹ́lẹ̀, eré á di 198, ọdún ò sì gbà á. Tó bá jẹ́ 17, á di 153, àmọ́ 17 kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba láàárín ilé àti ilé onílé. Tó bá jẹ́ 16, á já wálẹ̀ sí 144, kò sì sí olówó ẹgbẹ́ tó fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ìgbà 18 ló bá a mu: mẹ́sàn-án nílé, mẹ́sàn-án lọ́hùn-ún, lọ́nà mẹ́sàn-án. 162 rèé. National League ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní 1962, nígbà tí New York Mets àti ẹgbẹ́ Houston tí a mọ̀ sí Astros lónìí wọlé.

Ẹgbẹ́ ti di 30 báyìí. Kí ló ṣe tí 162 ò yí padà?

Ìṣirò tó bí i ti kú tipẹ́, àmọ́ gbogbo nǹkan ti dá lórí rẹ̀: àkọsílẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù, àdéhùn owó wọn, ìwé àdéhùn tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà, iye ló dúró, ètò inú rẹ̀ ló ń yí.

Láti 2023, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń pàdé gbogbo ẹgbẹ́ lọ́dún. Lọ́dún yẹn, wọ́n pín in báyìí: eré 13 pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ wà ní ẹ̀ka kan, ìyẹn 52, eré 64 pẹ̀lú àwọn mẹ́wàá yòókù nínú líìgì wọn, eré 46 pẹ̀lú àwọn 15 tó wà ní líìgì kejì.

Ẹ sọ òótọ́: ṣé torí owó kọ́ ni?

Owó wà níbẹ̀, kò ṣeé fi pamọ́. Ìgbà 81 ni ẹnu ọ̀nà pápá ìṣeré ń ṣí lọ́dún fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tíkẹ́ẹ̀tì, oúnjẹ, ọtí àti ibi ìgbọ́kọ̀sí sì ń pa owó wọlé ní gbogbo ìgbà náà. Ní 2023, àwọn tó wọ pápá wo eré MLB lé ní mílíọ̀nù 70. Kò sí líìgì mìíràn láyé tó ń gba èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan, iye eré ló sì fà á.

Ti tẹlifíṣọ̀n tún wà ńbẹ̀. NFL máa ń ta gbogbo eré rẹ̀ pọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá tó ń dé gbogbo orílẹ̀-èdè. Béèsìbọ́ọ̀lù ní irú ìyẹn náà, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó gbé ẹgbẹ́ púpọ̀ ró ni owó láti ọwọ́ ìkànnì àdúgbò tirẹ̀. Ìkànnì bẹ́ẹ̀ nílò ohun tí yóò fi hàn lálaalẹ́, béèsìbọ́ọ̀lù sì ń fún un ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lálẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Ètò náà ti ń mì báyìí, nítorí ilé-iṣẹ́ tó ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìkànnì wọ̀nyẹn wọ gbèsè débi pé ó sá wọ ilé-ẹjọ́ ní 2023.

Síbẹ̀, owó nìkan kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Bó bá jẹ́ owó nìkan ni, NFL tó lówó jù gbogbo wọn lọ ìbá máa gbá eré 100. Owó ló ń jẹ́ kí 162 má lè dín kù. Ohun tó jẹ́ kí eré pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni pé ara gbà á, àti pé eré náà fúnra rẹ̀ nílò rẹ̀. Ìbéèrè tó kàn la ti máa ṣàlàyé ìyẹn.

Ṣé eré 30 tàbí 40 kò tó láti mọ ẹgbẹ́ tó dáa jù?

Kò tó rárá, níbí ni ọ̀rọ̀ béèsìbọ́ọ̀lù sì ti dùn jù lọ fún wa.

Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ọ̀pẹ kì í sábà na ọ̀ta. Béèsìbọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè gbá bọ́ọ̀lù náà kó dún gbàà, kó fò bí ọta ìbọn, kó sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó dúró síbẹ̀. Ẹlòmíràn á fi etí igi kàn án, bọ́ọ̀lù á máa yí gbirigbiri lórí koríko, á gba àárín àwọn méjì tó ń ṣọ́ ọ kọjá, a ó sì kà á sí àṣeyọrí fún un. Irú èyí ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ tó dáa gan-an fi ń borí nínú nǹkan bíi mẹ́fà nínú mẹ́wàá, tí ẹgbẹ́ tó burú gan-an sì ń rí bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá mú. Ẹ fi wé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá: Manchester City borí nínú eré 32 lára 38 ní sáà 2017 sí 2018. Kò sí ẹgbẹ́ MLB kankan tó dé irú ibẹ̀ láti 1901 wá. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni Chicago Cubs ti 1906, tí wọ́n borí 116 tí wọ́n sì fìdí rẹmi nínú 36.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ kan wà tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdajì gẹ́lẹ́. Bó bá gbá eré 16, ó yẹ kó borí mẹ́jọ, àmọ́ oríire tàbí oríburúkú lásán lè sọ ọ́ di mẹ́wàá tàbí mẹ́fà láìsí ìyàlẹ́nu kankan. Mẹ́wàá nínú 16 jọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ gba ife-ẹ̀yẹ. Mẹ́fà nínú 16 jọ ẹgbẹ́ tó yẹ kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan náà ni. Bó bá gbá 162, ó yẹ kó borí 81, oríire lásán sì sábà máa ń gbé e lọ sí 87 tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 75. Ìyàtọ̀ náà ṣì wà, àmọ́ kò lè fi ojú ẹgbẹ́ náà pamọ́ mọ́.

Bákan náà ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gbá a dáadáa nígbà 30 nínú 100 jẹ́ ìràwọ̀. Ẹni tó ń gbá a dáadáa nígbà 25 nínú 100 jẹ́ èèyàn lásán tí ibùjókòó lè gbé mì. Bí àwọn méjèèjì bá di igi mú nígbà 500 lọ́dún, ọ̀kan á ní 150, èkejì á ní 125. Ìyàtọ̀ jẹ́ 25, sáà sì jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 26. Bọ́ọ̀lù kan lọ́sẹ̀ kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́wàá kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Oṣù mẹ́fà ló ń fi wọ́n hàn.

Bí eré bá pọ̀ tó 162, ṣé ẹyọ kan wá já mọ́ nǹkan kan?

Ẹ bi àwọn ará Arizona. Ní 2024, ìjì Helene mú kí wọ́n sún eré méjì láàárín New York Mets àti Atlanta Braves síwájú. Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ kejì tí sáà ti yẹ kó parí, ni wọ́n wá gbá méjèèjì léra wọn ní Atlanta. Ẹgbẹ́ tó bá borí nínú ọ̀kan ti pegedé fún ìdíje ife-ẹ̀yẹ. Bí ẹgbẹ́ kan bá gba méjèèjì, Arizona Diamondbacks, tí wọ́n ti gbá tiwọn tán tí wọ́n jókòó sílé níwájú tẹlifíṣọ̀n, ni yóò wọlé dípò ẹni tó pàdánù.

Mets gba ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú 8 sí 7, nígbà tí Francisco Lindor gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri ní abala kẹsàn-án, tó sábà máa ń jẹ́ abala ìkẹyìn eré. Braves gba ti kejì pẹ̀lú 3 sí 0. Ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parí pẹ̀lú iye kan náà: ìborí 89, ìfìdírẹmi 73. Arizona ló jáde, nítorí pé nígbà tí wọ́n wo eré tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara wọn gbá láàárín ọdún, tirẹ̀ ló kéré. Ẹyọ eré kan péré tí wọ́n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú nínú oṣù Kẹrin, ká ní wọ́n borí nínú rẹ̀, ìbá ti yí gbogbo rẹ̀ padà.

Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?

Wọn kì í gbá a nínú òjò gidi. Wọ́n á dúró, bí òjò ò bá dá, wọ́n á sún un sí ọjọ́ mìíràn, nígbà míì wọ́n á gbá méjì lọ́jọ́ kan. Àwọn pápá kan ní òrùlé tó ṣeé ṣí tó sì ṣeé pa dé.

Tí eré tí òjò bàjẹ́ kò bá lè yí ipò ẹnikẹ́ni padà ní ìparí sáà, wọ́n lè pa á tì. Ìdí nìyẹn tí Houston Astros àti Cleveland Guardians fi parí 2024 pẹ̀lú eré 161.

Ṣé wọ́n ti gbá iye tó dín sí 162 rí láti ìgbà yẹn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìyanṣẹ́lódì ló sì sábà ń fà á. Ti 1981 gé sáà sí méjì. Ti 1994 bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, sáà kò sì padà wá mọ́, débi pé wọn kò gbá World Series, ìyẹn ìdíje ìparí láàárín líìgì méjèèjì, lọ́dún náà, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti 1904. Ìjà náà wọ 1995, eré 144 ni wọ́n gbá lọ́dún yẹn. Ní 2020, àrùn Kòrónà sọ ọ́ di 60 péré, nínú pápá tó ṣófo. Los Angeles Dodgers ló gba ife-ẹ̀yẹ ọdún yẹn, àwọn kan sì ń jiyàn títí dòní pé eré 60 kò tó. Lójú tiwa, ife ni ife, ìdíje ìparí tí wọ́n borí kò kéré.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ńkọ́?

Japan ń gbá 143, South Korea 144, Taiwan 120. Ní Cuba, níbi tí àwọn ọmọ Lùkùmí, àrọ́mọdọ́mọ Yorùbá, wà tí béèsìbọ́ọ̀lù sì jẹ́ eré gbogbo ìlú, líìgì wọn kò pọ̀ tó ti Amẹ́ríkà rí; lẹ́nu àìpẹ́ yìí, eré 75 ni wọ́n ń gbá.

Ti Japan yẹ kéèyàn kíyè sí. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n fi ń sinmi, ajubọ́ọ̀lù wọn sì sábà máa ń jù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Wọ́n tún gba ọ̀mì láàyè lẹ́yìn abala 12, nígbà tí Amẹ́ríkà máa ń gbá a títí ẹnì kan á fi borí.

Kí ló dé tí àwọn àgbàlagbà fi ń jiyàn lórí home run 61 ti Roger Maris?

Nítorí 162 yìí náà ni. Babe Ruth gbá bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà nígbà 60 ní 1927, nígbà tí sáà jẹ́ eré 154. Ní 1961, ọdún àkọ́kọ́ tí American League gbá 162, Roger Maris, Yankees bíi ti Ruth, gbá 61. Ẹ̀kọkànlélọ́gọ́ta náà bọ́ sí ọjọ́ ìkẹyìn sáà. Ford Frick, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà béèsìbọ́ọ̀lù nígbà náà, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí kò bá ṣe é láàárín eré 154, wọ́n gbọ́dọ̀ ya àkọsílẹ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti Ruth. Ọ̀rẹ́ Ruth ni Frick, ó sì ti bá a kọ̀wé rí nígbà tó jẹ́ akọ̀ròyìn.

A gbà pé wọn kò ṣe dáadáa sí Maris. Ó kú ní 1985, ìgbìmọ̀ kan kò sì mú ìyàsọ́tọ̀ náà kúrò títí di 1991. Aaron Judge, Yankees náà ni, ló kọjá 61 nínú American League ní 2022 pẹ̀lú 62. Àkọsílẹ̀ gbogbo líìgì méjèèjì ni 73 tí Barry Bonds gbá ní 2001.

Tí 162 bá ń fi ẹni tó dáa hàn, kí ló dé tó fi jẹ́ eré díẹ̀ ló ń pinnu ife-ẹ̀yẹ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti takora nìyí, a ò sì ní ìdáhùn tó dùn mọ́ gbogbo èèyàn. Láti 2022, ẹgbẹ́ 12 ló ń pegedé. Ìpele àkọ́kọ́ jẹ́ eré mẹ́ta péré, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba méjì ló borí. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ márùn-ún, méjì tó kẹ́yìn jẹ́ méje-méje. Gbogbo ohun tí a sọ lókè nípa oríire nínú eré díẹ̀ tún padà wọlé níbẹ̀.

Ẹ wo Seattle Mariners ti 2001: ìborí 116, síbẹ̀ Yankees lé wọn jáde kí wọ́n tó dé World Series. Ẹ wo Dodgers ti 2022: ìborí 111. San Diego Padres, tí wọ́n ní 89, na wọ́n láàárín eré mẹ́rin. Àwọn Cubs 1906 tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà pàdánù ìdíje ìparí fún White Sox, ará ìlú wọn.

Tẹ́lẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Títí di 1968, ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nínú líìgì kọ̀ọ̀kan ló ń lọ sí World Series tààrà, kò sí ìpele kankan láàárín. Bí ẹgbẹ́ ṣe ń pọ̀ ni ìpele ń pọ̀. Àwa fẹ́ kí wọ́n sọ ìpele àkọ́kọ́ di eré márùn-ún, kí iṣẹ́ oṣù mẹ́fà má baà ṣègbé lọ́jọ́ méjì.

Ṣé kò yẹ kí wọ́n dín in kù padà sí 154?

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 2015, Rob Manfred, ọ̀gá àgbà MLB, sọ pé òun ṣe tán láti jíròrò rẹ̀. Ibi tó ti ń há ni ìṣirò: bí eré mẹ́jọ bá kúrò lọ́rùn ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, eré 120 ló pòórá lọ́dún, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì pàdánù ìgbà mẹ́rin tí ì bá ṣí ilé fún èrò. Ta ni yóò gbé òfo náà? Àwọn agbábọ́ọ̀lù kò fẹ́ kí wọ́n gé owó àwọn, àwọn olówó ẹgbẹ́ kò fẹ́ san iye kan náà fún iṣẹ́ tó dín.

Dípò kí wọ́n dín iye kù, wákàtí ni wọ́n dín. Láti 2023, aago kan ń ka ajubọ́ọ̀lù: ìṣẹ́jú-àáyá 15 ló ní bí kò bá sí alátakò lórí ìpìlẹ̀, ìyẹn àmì tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ń sá lọ dé, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eré tó ń gba wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ní 2022 wá ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 40. Èyí tẹ́ wa lọ́rùn. Bí eré bá wà lálaalẹ́ láti ìgbà tí òtútù ń lọ títí di ìgbà tó ń padà bọ̀, èèyàn á mọ àwọn agbábọ́ọ̀lù bí ẹni mọ ará ilé rẹ̀. A ò fẹ́ kí wọ́n gba ìyẹn lọ́wọ́ wa.

Kí ni ẹgbẹ́ tí kò lè gba nǹkan kan mọ́ ń wá lórí pápá nínú oṣù Kẹsàn-án?

Kò sí pé ẹgbẹ́ já wálẹ̀ sí líìgì ìsàlẹ̀ ní MLB, nítorí náà ẹni tó ṣe ipò ìkẹyìn ṣì máa padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyẹn ló mú kí àwọn tuntun béèrè ìbéèrè yìí, ó sì mọ́gbọ́n dání.

Àkọ́kọ́, ìgbà náà ni wọ́n ń dán àwọn ọ̀dọ́ wò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, ẹgbẹ́ lè mú èèyàn 28 dání dípò 26. Fún ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ọjọ́ ló ní iye tirẹ̀: ọjọ́ 172 nínú ẹgbẹ́ àgbà ni wọ́n ń kà sí ọdún iṣẹ́ kan, ọdún iṣẹ́ mẹ́fà ló sì ń sọ ọ́ di ẹni tó lè bá ẹgbẹ́ èyíkéyìí tó bá wù ú ṣàdéhùn. Èkejì, kò pé kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ máa pàdánù bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà kan, ẹgbẹ́ tó burú jù ló máa ń kọ́kọ́ yan ọ̀dọ́ tó dáa jù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tí àdéhùn 2022 ti jáde, ìbò ni wọ́n ń ṣẹ́ lé e.

Chicago White Sox 2024 mọ ìyẹn dáadáa. Wọ́n pàdánù eré 121, iye tó pọ̀ jù lọ látìgbà tí ọ̀rúndún ogún ti bẹ̀rẹ̀, òfin ìbò náà kò sì jẹ́ kí wọ́n yan ṣáájú ipò kẹwàá. Ìkọkànlélọ́gọ́fà bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, ní Detroit, 4 sí 1. Eré yẹn náà ló mú Detroit Tigers wọ ìdíje ife-ẹ̀yẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2014. Lọ́jọ́ méjì tó kù, White Sox jáde sí pápá, wọ́n sì na Tigers lẹ́ẹ̀mejèèjì.